Tábìlì Inú Ọkọ̀ Létí Odò Ọya

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí ìyá onílé wa ní Okpoko lẹ́bàá Onitsha, òun náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wo ilẹ̀ yí ẹsẹ̀ mi ká. Ó ní, "My daughter, wetin you dey find?" Ó rò pé yẹtí tàbí owó ló já bọ́ lọ́wọ́ mi. Ọkọ mi ló ṣàlàyé fún un lédè Ìgbò pé kíkí ni mò ń kí i. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó fà mí dìde, ó gbá mi mọ́ra, ó ní kí n má kúnlẹ̀ fún òun mọ́, pé ilẹ̀ ibẹ̀ dọ̀tí. Inú rere ló fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wọ yàrá wa, mo jókòó sórí ẹrù tí a kò tíì tú, mo sì sunkún. Ní Ẹdẹ tí mo ti wá, kò sí bí ilẹ̀ ṣe lè mọ́ kí n má kúnlẹ̀ fún ẹnì kan kí n tó fi oúnjẹ kan ẹnu. Ó wá dà bíi pé orúnkún mi kò níṣẹ́ mọ́.

Aṣọ ni ọkọ mi ń tà ní ọjà ńlá Onitsha. Ó ti ń gbé ibẹ̀ kí ó tó fẹ́ mi, ó sì gbọ́ Ìgbò bí ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀. Àárọ̀ ló ń jáde, ìrọ̀lẹ́ ló ń wọlé. Láàrin méjèèjì, èmi nìkan ni mo máa ń wà nínú ilé tó kún fún èèyàn. Àwọn obìnrin àgbàlá wa kì í ṣe èèyàn burúkú. Wọ́n á bù nínú oúnjẹ wọn fún mi, wọ́n á bá mi ru omi. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀, tí gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan náà, èmi náà á rẹ́rìn-ín láì mọ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ìyẹn ló máa ń rẹ̀ mí jù. Nígbà mìíràn tí mo bá ń fọ abọ́, màá gbọ́ ohùn ara mi, tí mò ń bá abọ́ sọ̀rọ̀ ní Yorùbá pé, "Ó yá, ìwọ ló kàn, má yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi." Mo kàn fẹ́ fi etí gbọ́ ọ ni.

Bàbá mi ló kọ́ mi níṣẹ́. Oníṣẹ́ pọ́líìṣì ni nígbà ayé rẹ̀. Àga, tábìlì àti ilẹ̀kùn tí àwọn káfíńtà bá ti kàn tán, òun ló máa ń ha wọ́n kó dán, tó sì máa ń fi fániṣì kùn wọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, Kàrímù, kò fẹ́ràn òórùn tínà tí a fi ń po fániṣì, ó sá fún iṣẹ́ náà, èmi ni mo dúró ti Bàbá. Nígbà tí ọmọ wa Bọ́lá bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, mo wọ kèké lọ sí Nkpor, mo ń ti ọ̀dọ̀ káfíńtà kan bọ́ sí ọ̀dọ̀ òmíràn, mo ń bèèrè bóyá wọ́n fẹ́ ẹni tí yóò máa bá wọn kun nǹkan. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ngbati, go sell cloth." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀, nítorí pé "ńgbà tí" pọ̀ jù lẹ́nu wa létí wọn.

Ẹni tó padà gbà mí kò gbà mí nítorí pé ó gba iṣẹ́ mi gbọ́. Ọmọ iṣẹ́ tó máa ń bá a kun nǹkan ni kò wá lọ́jọ́ náà, oníbàárà sì ti dúró de àga rẹ̀. Mo kun àga náà. Nígbà tó gbẹ, ọ̀gá náà fi ọwọ́ pa á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì lọ gbé òmíràn wá síwájú mi. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Aunty Polish nìyẹn. Orúkọ yẹn ni ohun àkọ́kọ́ tí mo ní ní Onitsha tí kò ti ọwọ́ ọkọ mi wá. Mo sọ fún ọkọ mi lálẹ́, ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo máa ń bá ìyá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Tí mo bá gbé fóònù fún Bọ́lá, ọmọ náà á kí i dáadáa: "Ẹ káàsán, Màmá. Ṣé dáadáa ni?" Lẹ́yìn náà Yorùbá ẹnu rẹ̀ á tán, á bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú mi. Ìyá mi á ní, "Kí ló ń sọ?" Èmi ni mo máa ń ṣe ògbufọ̀ láàrin ìyá mi àti ọmọ mi. Lọ́jọ́ kan, Bọ́lá ṣubú nínú àgbàlá, igbe tó ké ni "Nne m o," ìyá mi o lédè Ìgbò. Mo sáré gbé e. Mo mọ̀ pé èmi ìyá rẹ̀ ló ń pè. Síbẹ̀, ó ṣe mí bíi pé obìnrin mìíràn ló ń pè, tí èmi kàn wà nítòsí.

Mi ò bá ọmọ náà wí. Ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí, ilé rẹ̀ nìyẹn. Ohun tó ń dùn mí ni pé ilé rẹ̀ kò tíì di ilé mi, ilé mi náà kò sì lè di ilé rẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ orí bẹ́ẹ̀dì kan náà la jọ ń sùn.

Lẹ́yìn náà ni Bọ̀dá Kàrímù pè mí. Ó ní Màmá ti ń gbàgbé nǹkan. Ó kọ́kọ́ jẹ́ iyọ̀ àti kọ́kọ́rọ́, ó wá di Bàbá. Bàbá wa ti kú kí n tó lọ́kọ.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ó jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní, bàbá yín dà? Mo sọ fún un pé Bàbá ti kú. Ó sunkún bí ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó tún bèèrè, ó tún sunkún."

Mo ní, "Bọ̀dá mi, ẹ ò ṣe má sọ fún un mọ́?"

Ó ní, "Kí n wá sọ kí ni? Mi ò lè purọ́ fún ìyá mi."

Òun ló wà níbẹ̀, òun ló ń nu omijé rẹ̀. Èmi wà ní òdì kejì odò.

Ní ìgbà ọyẹ́ ọdún yẹn ni obìnrin kan wá sí ibi iṣẹ́ wa ní Nkpor. Ifeoma ni orúkọ rẹ̀, GRA ló ń gbé. Ó ní bàbá òun ní tábìlì kan tí fániṣì ara rẹ̀ ti ṣí, tí omi sì ti mú kí ó dúdú, àmọ́ kò ṣeé gbé wá, nítorí inú ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ti kàn án, kò sì lè gba ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ náà jáde. Àwọn káfíńtà tó kù ní àwọn kò lè máa ṣiṣẹ́ lórí omi. Èmi ní màá lọ.

Ọkọ̀ onígbòkun ni, ọkọ̀ àtijọ́, kò tóbi. Wọ́n fi okùn so ó mọ́ etí odò, níbi tí àwọn ọkọ̀ tó ń kó iyanrìn máa ń gbà kọjá. Ìgbòkun rẹ̀ ti gbó, wọ́n ká a jọ bí ẹní, ṣùgbọ́n wọ́n gbá ara ọkọ̀ náà mọ́. Ifeoma ní bàbá òun kì í fẹ́ dúró sílé. Tí ilẹ̀ bá ti mọ́, etí odò ló ń lọ, àfi ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n tó rí i. Ó ní, "Bí n kò bá lè mú un jókòó sílé jẹun, èmi àti àwọn ọmọ á máa gbé oúnjẹ wá bá a. Ìdí tí mo fi fẹ́ kí tábìlì náà dára nìyẹn." Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀, kò rẹ́rìn-ín rárá.

Bàbá náà jókòó sí ìdí ọkọ̀. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, irun rẹ̀ funfun. Bí mo ṣe gòkè sínú ọkọ̀ náà, orúnkún mi gbàgbé ibi tí a wà, mo kúnlẹ̀.

Ó ní, "Dìde, ọmọ mi. Kú àbọ̀. Ilé ńkọ́? Ọmọ ńkọ́? Ṣé àlàáfíà ni wọ́n wà?"

Àpò irinṣẹ́ mi yọ̀ lọ́wọ́ mi, díẹ̀ ló kù kó bọ́ sómi. Kì í ṣe pé ó gbọ́ Yorùbá nìkan. Yorùbá ẹnu rẹ̀ jẹ́ ti àwọn àgbà Èkó, ó rọra ń sọ ọ́, ó sì ń fà á.

Ó ní, "Èbúté Mẹ́ta ni mo ti dàgbà. Iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ni mo ṣe ní Àpápá títí mo fi fẹ̀yìn tì. Òyìnbó kan tó ń padà lọ sí ìlú rẹ̀ ló ta ọkọ̀ yìí fún mi. Mo ní bí mo bá darúgbó, òun ni màá wà wálé. Mo wálé lóòótọ́. Àwọn ẹgbẹ́ mi ti kú tán, àwọn tó kù ń pè mí ní ará Èkó." Ó wo odò náà. "Ohun kan ṣoṣo ni màá bẹ̀ ọ́. Yorùbá ni kí a máa sọ títí o fi máa ṣe é tán."

Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ fún un pé òun gan-an ni ẹni tí mo ti ń wá láti ọjọ́ tí mo ti dé.

Tábìlì náà wà láàrin yàrá kékeré inú ọkọ̀, ó ní apá méjì tó ṣeé ká sílẹ̀, wọ́n sì gbé etí rẹ̀ ga díẹ̀ kí abọ́ má baà yọ̀ dà nù nígbà tí omi bá ń gbé ọkọ̀. Fániṣì ara rẹ̀ ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó ti ń ṣí bí awọ ẹni tí oòrùn pa. Ìdí ìkòkò gbígbóná ti jó ojú kan, omi ti ya òrùka dúdú káàkiri. Mo mú irin pẹlẹbẹ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fá a. Ìgbà tí mo dé ojú igi gan-an, òórùn kan jáde, mo sì mọ̀ pé igi ọ̀gànwó ni. Mo dúró. Òórùn yẹn ni ara bàbá mi máa ń ní tó bá ti ibi iṣẹ́ dé.

Mo fi sanpépà líle ha á, mo tún fi èyí tó fẹ́lẹ́ ha á, bí ìlà igi náà ṣe lọ ni mò ń tọ̀ ọ́. Bàbá Ifeoma á jókòó sórí àkàbà tó wọ inú yàrá náà, á máa bi mí léèrè ọ̀rọ̀. Kí ni wọ́n ń pe irú ẹja báyìí ní Ẹdẹ? Kí ni àwọn ọmọdé ń sọ nísinsìnyí tí nǹkan bá dùn mọ́ wọn? Ó fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ tuntun. Tí mo bá sọ èyí tí kò mọ̀, á tún un sọ lẹ́nu jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń tọ́ nǹkan wò. Òun náà máa ń ròyìn àdúgbò rẹ̀ fún mi, ilé alájà tí wọ́n gbé, obìnrin tó máa ń fi ìró ìgbálẹ̀ jí wọn. Ó ní nígbà tí òun wà ní Èkó, gbogbo ìgbà ni òun ń lá àlá etí odò yìí. Ní báyìí tí òun wà létí odò, àlá Èbúté Mẹ́ta ni òun ń lá.

Mo bi í pé, "Ṣé ẹ̀yin náà ò wá ní ibì kankan nìyẹn, Bàbá?"

Ó ní, "Mo ní inú ọkọ̀ yìí."

Ọyẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ ba iṣẹ́ náà jẹ́. Eruku iyanrìn máa ń bá atẹ́gùn wọlé, ó ń lẹ̀ mọ́ fániṣì tútù. Mo wọ́n omi sílẹ̀ yàrá náà, mo fi aṣọ tútù dí ẹnu ọ̀nà, mo ṣí fèrèsé kékeré kan ṣoṣo sílẹ̀ nítorí èémí. Mo ń kùn ún, ó ń gbẹ, mo ń ha á díẹ̀, mo tún ń kùn ún. Ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jinlẹ̀ bí omi tó dákẹ́.

Ọjọ́ Jímọ̀ bọ́ sí ọjọ́ tí mo ń kùn ún kẹ́yìn. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ fániṣì mọ̀ pé bí èèyàn bá ti bẹ̀rẹ̀ ìkùn kan, kò gbọ́dọ̀ dúró. Tó bá dúró, ibi tó ti ń gbẹ àti ibi tó ṣì tutù á pàdé, àpá wọn kò sì ní lọ. Mo ti kun ìdajì tábìlì nígbà tí fóònù mi dún lórí ìjókòó. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi gbé e, ìyá mi ni. Ẹ ní màá pè é padà."

Ó tẹ̀ ẹ́, ohùn ìyá mi sì kún inú yàrá náà. Bàbá náà ní, "Ẹ káàsán, Màmá. Ọmọ yín ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ni, kò lè gbé fóònù."

Ohùn ìyá mi rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó ní, "Bàbá Kàrímù, ẹ̀yin ni?"

Bàbá náà wò mí. Mo ti sọ ọ̀rọ̀ ìyá mi fún un, ó mọ ohun tí Kàrímù máa ń sọ fún un àti bó ṣe máa ń sunkún. Bùrọ́ọ̀ṣì wà lọ́wọ́ mi, mi ò lè dúró. Mo wo ojú rẹ̀, mi ò mi orí, mi ò sì sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Mo ń gbọ́."

"Ibo lẹ lọ tó pẹ́ báyìí?"

"Iṣẹ́ ló gbé mi dé ibí. Onitsha ni mo wà, létí Odò Ọya."

"Ṣé atẹ́gùn wà níbẹ̀? Ooru kì í bá yín lára mu."

"Atẹ́gùn wà dáadáa."

"Ta ló ń tọ́jú yín?"

Ó tún wò mí. Ó ní, "Ọmọ rẹ wà lọ́dọ̀ mi. Ó ń kun tábìlì. Má ṣe ìyọnu, ṣé o gbọ́?"

Mo gbọ́ ọ. Ó ti fi "ẹ" sílẹ̀, ó ti mú "o." Bí ọkọ ṣe ń bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ ló ṣe sọ ọ́. Ìyá mi rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tí a ti sin Bàbá. Ó ní, "Ẹ sọ fún un kó má dá bùrọ́ọ̀ṣì padà síbi tó ti kùn o. Ẹ mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ kì í gbélẹ̀."

Ó ní, "Ó ń gbọ́ ọ."

Omijé ń bọ́ lójú mi, mo yí ojú mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó má kán sórí fániṣì. Mo kùn ún dé etí. Wọ́n ń bá ọ̀rọ̀ wọn lọ, wọ́n sọ nípa òjò, nípa àwọn ará ilé, nípa ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá mi. Nígbà tí bàbá náà pa fóònù, ó gbé e kalẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

Ó ní, "Ọmọ mi, má bínú. Ká ní mo sọ fún un pé èmi kọ́, ṣé ì bá sunkún?"

Mo ní, "Ì bá sunkún, sà."

Ó mi orí.

Nígbà tí tábìlì náà gbẹ, Ifeoma kó àwọn ọmọ rẹ̀ wá pẹ̀lú oúnjẹ. Ó gbé abọ́ ọbẹ̀ kalẹ̀, ó wo ojú igi náà, ó tún gbé abọ́ náà sókè, ó tẹ́ aṣọ sábẹ́ rẹ̀ kó tó dá a padà. Kò yìn mí. Ohun tó ṣe yẹn tó mi. Wọ́n ní kí n jókòó, mo jókòó, a sì jẹun, bàbá náà ń túmọ̀ Ìgbò àwọn ọmọ náà fún mi, ó ń túmọ̀ Yorùbá mi fún wọn.

Ọ̀sẹ̀ náà kò tíì parí tí Bọ̀dá Kàrímù fi pè mí. Inú rẹ̀ kò dùn rárá. "Kí lẹ sọ fún Màmá? Ó ti di ẹrù rẹ̀. Àárọ̀ ló ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ní Bàbá ń dúró de òun ní Onitsha, kí n lọ wá ọkọ̀. Lánàá náà bẹ́ẹ̀. Ìwọ lo bẹ̀rẹ̀ èyí. Wá sọ òtítọ́ fún un fúnra rẹ. Èmi kò ní lè sọ ọ́ mọ́, àyà mi ti ń já."

Òótọ́ ló sọ. Mo bẹ ọkọ mi pé kó máa tọ́jú Bọ́lá, mo lọ sí Ẹdẹ. Gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń to ọ̀rọ̀ náà jọ lọ́kàn mi: Màmá, Bàbá ti kú, àgbàlagbà kan ló bá yín sọ̀rọ̀, kò ní ibi nínú. Mo sọ ọ́ lọ, mo sọ ọ́ bọ̀, títí kò fi jọ ọ̀rọ̀ mọ́.

Mo bá a lẹ́nu ọ̀nà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe wí, lórí àpótí, pẹ̀lú báàgì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ti rù. Mo kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ kan orí mi, ó pè mí lóríkì. Ó dá mi mọ̀. Lẹ́yìn náà, ó wo ẹ̀yìn mi, ó wo títì.

Ó ní, "Bàbá rẹ dà?"

Bọ̀dá Kàrímù dúró nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń wò mí. Mo la ẹnu.

Mo ní, "Ó wà níbẹ̀, Màmá."

"Létí odò?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ojú rẹ̀ yí padà. Mo rò pé ẹkún ló ń bọ̀, ṣùgbọ́n ìbínú ni, irú èyí tó máa ń bí i sí wa nígbà tí a wà ní kékeré. "Ta ló wá wà lọ́dọ̀ rẹ̀ báyìí? O fi í sílẹ̀ lóun nìkan, o wá ń bọ̀ níbí?"

Ó tú báàgì náà fúnra rẹ̀. Àádùn wà nínú rẹ̀, wọ́n fi ewé wé e. Bùbá Bàbá kan wà níbẹ̀, ó ti fọ̀ ọ́, ó ti lọ̀ ọ́. Ó kó gbogbo rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Mo ti fẹ́ lọ fúnra mi, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ yìí kò lè rin ìrìn yẹn. Ìwọ ni kí o máa wà níbẹ̀ fún mi. Má jẹ́ kó máa dá jẹun. Ó lè ní ebi kò pa òun, má dá a lóhùn."

Mo ní mo gbọ́.

Ó gbà kí n sùn mọ́jú, mo sì sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọwọ́ mi lára aṣọ rẹ̀. Òun ló jí mi láàárọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi gbé báàgì mi dé etí títì, kò bá mi jà. Ohun tó sọ kò ju pé, "Màmá sùn lánàá. Ó ti pẹ́ tó ti sùn bẹ́ẹ̀." Ìyá mi tẹ̀ lé wa, ó fi ọ̀pá rìn jẹ́jẹ́. Mo fẹ́ kó sọ pé kí n dúró díẹ̀ sí i. Ká ní ó sọ ọ́, bóyá n kì bá lọ mọ́.

Nígbà tí ọkọ̀ gbéra, mo bojú wẹ̀yìn. Kò juwọ́ sí mi. Ọwọ́ ló ń fi lé mi pé kí n máa lọ, kí n yára, pé ẹnì kan ń dúró dè mí.